Bí a ṣe ń ya jẹ́sì àfikún fún tíìmù baseball ní Amẹ́ríkà

Tẹ́ ẹ bá ń wo MLB, ìyẹn líìgì baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé funfun ni tíìmù sábà máa ń wọ nílé, tí wọ́n bá lọ sílùú míì wọ́n á wọ kọ́lọ̀ eérú, àmọ́ ó máa ń di ọjọ́ kan tí wọ́n á kàn gbé aṣọ míì jáde, tó pupa yòò tàbí tó yẹ́lò, tẹ́ ẹ ó fi máa bi ara yín pé àwọn wo tún nìyí. Ìyẹn ni jẹ́sì àfikún, òun la fẹ́ yà. Bébà, pẹ́ńsù, rúlà, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ó ti tó.

Ìtàn ló ń ṣáájú o, kì í ṣe kọ́lọ̀. Ẹ wá nǹkan kan nílùú tíìmù yẹn táwọn ará ibẹ̀ máa rí tí wọ́n á ní "tiwa nìyí". Nígbà tí iléeṣẹ́ Nike bẹ̀rẹ̀ àwọn jẹ́sì City Connect ní 2021, ìyẹn jẹ́sì àfikún tó ń sọ ìtàn ìlú tíìmù, Boston Red Sox ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, yẹ́lò àti búlúù, bẹ́ẹ̀ pupa la mọ̀ wọ́n sí látayébáyé! Àwọn kan pariwo, àmọ́ kọ́lọ̀ Boston Marathon ni wọ́n mú, eré sísá tó máa ń wáyé lọ́jọ́ Patriots' Day ní oṣù kẹrin, tí Red Sox náà sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù nílé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá lẹ 617 mọ́ apá aṣọ náà bíi nọ́ńbà táwọn sárésáré máa ń so mọ́yà, 617 yẹn ló ń ṣáájú nọ́ńbà fóònù àwọn ará Boston. Lọ́dún yẹn kan náà, Miami Marlins lọ hú Sugar Kings jáde, tíìmù tó wà ní Havana, olú ìlú Cuba, láti 1954 títí di 1960, torí àwọn ọmọ Cuba kún Miami fọ́fọ́. Ìtàn kan, aṣọ kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kéèyàn kó afárá, òdòdó, àsíá àti orúkọ àdúgbò pọ̀ sójú kan, jẹ́sì á wá dà bíi pósítà ìbò.

Kọ́lọ̀ wá kàn. Méjì tó, tí ẹ bá fẹ́ fi ìkẹta sí i kó kéré. Tí kọ́lọ̀ bá pọ̀ tó sì dun yín láti jù ú nù, ẹ ṣe bíi ti Baltimore Orioles ní 2023, òde aṣọ dúdú kirikiri, àwọn kọ́lọ̀ tó ń tàn wà nínú ọrùn àti nínú etí apá aṣọ, àfi tí wọ́n bá ká a ni wàá tó rí i. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ wo òfin 3.03 nínú ìwé òfin MLB. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ kéré sí íńṣì 6, aṣọ gbogbo tíìmù gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ ò gbọ́dọ̀ ya nǹkan tó jọ bọ́ọ̀lù baseball síbì kankan lára ẹ̀, kò sí bọ́tìnì gíláàsì, kò sí irin tó ń dán, apá aṣọ ò gbọ́dọ̀ ya jákujàku. Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń ṣe ṣakálá, ẹni tó mú igi dání ò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú ààyá láti rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, tí nǹkan funfun róbótó bá tún ń mì lára ẹni tó jù ú, wàhálà ti dé nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni lẹ́tà àti nọ́ńbà. Jẹ́sì baseball ní bọ́tìnì níwájú, ìlà bọ́tìnì yẹn á sì la àárín orúkọ kọjá, torí náà ẹ fa ìlà yẹn sórí bébà kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà méjì bọ́ sórí ẹ̀, torí tí ìlà bá gba àárín O tàbí A kọjá, tí ẹni tó ń ránṣọ wá fi díẹ̀ ṣì í, apá ọ̀tún á ga ju tòsì lọ, gbogbo ayé á rí i. Ẹ wá kọ 3, 5, 6 àti 8 ní fọ́ńtì tẹ́ ẹ mú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ rìn jìnnà sí i. Tí 3 bá ti ń jọ 8, ẹ pààrọ̀ fọ́ńtì tàbí kí ẹ fi kọ́lọ̀ míì yí etí ẹ̀ ká. Ní 2024 wọ́n dín orúkọ ẹ̀yìn kù lára jẹ́sì MLB, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti fáànù ráhùn, ní 2025 wọ́n dá a padà sí ńlá.

Ẹ tún rántí ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Chicago White Sox wọ ṣòkòtò péńpé ní oṣù kẹjọ 1976, eré tí wọ́n ti máa ń fi ìdí àti orúnkún wọ́ nílẹ̀ o! Kò tọ́jọ́. Ní 2016, tíìmù yìí kan náà ní kí wọ́n wọ jẹ́sì 1976 tó ní kọ́là ńlá, Chris Sale tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò fẹ́ ẹ, ló bá gé àwọn aṣọ náà wẹ́wẹ́, wọ́n sì lé e sílé fún ọjọ́ 5. Torí náà ẹ má fi kọ́là tó le tàbí ohun tó wúwo sí ọrùn àti èjìká.

Tẹ́ ẹ bá ti ya fésìkáàpù, ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sórí fọ́tò ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, láti ẹ̀yìn ẹ̀. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n máa ń wà lẹ́yìn ẹni yẹn ní ìpẹ̀kun pápá, ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn tó wà nílé á máa wò jù, kì í ṣe lógò iwájú tẹ́ ẹ fi gbogbo alẹ́ yà. Ẹ dín fọ́tò yẹn kù títí á fi tó èékánná lójú fóònù, tẹ́ ẹ ò bá lè ka nọ́ńbà ẹ̀, ẹ padà sídìí fọ́ńtì.