Bí a ṣe gbin mangrove padà sétí omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé kí lọmọ Iléṣà lọ wá létí omi, àlàyé ẹ̀ rèé. Ọmọ kòkó ni mo máa ń hù sínú náílọ̀n fáwọn àgbẹ̀ wa níbí, àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ ọkọ Ìlàjẹ ló wá pè mí pé àwọn fẹ́ gbin mangrove, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi oníyọ̀, padà síbi tí wọ́n ti gé e tán, kí n wá bá wọn dá sí i. La bá gba Àkúrẹ́ dé Okìtìpupa, a já sí Igbókòdá, a wọ bóòtù.

Mangrove pupa, irú èyí tá a gbìn, ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú náílọ̀n o. Orí ìyá ẹ̀ lèso ẹ̀ ti ń hù, á gùn gbọọrọ bíi pẹ́ńsùlù. Èyí tó bá gbó, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án báyìí á já, èyí tó bá ń bá yín fà á, ẹ fi sílẹ̀. A yẹ gbogbo ẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, èyí tí kòkòrò ti dá ihò sí lára a jù ú nù. Tómi bá ti fà, ẹ wọ inú ẹrẹ̀, ẹ ki ẹnu tó ṣonṣo bọ ilẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ ṣún síwájú bíi mítà 1, ẹ ki òmíì. Kò fẹ́ ajílẹ̀ rárá.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbìn ín sí gan-an niṣẹ́ wà, ibẹ̀ la pẹ́ sí jù. Ìyá ọkọ àbúrò mi ní, "Àna mi, ẹ má gbìn ín síbi tí ìgbì ti ń nà án tààrà, ẹ má sì gbìn ín síbi tómi ò ti ń kúrò." Ibi tómi ń wá tó tún ń padà lọ ló ń fẹ́. Màmá mú wa lọ síbi táwọn mangrove àtijọ́ tó ṣẹ́kù wà, a wo ojú àmì omi lára gbòǹgbò wọn, ìwọ̀n yẹn la fi wá ilẹ̀ tiwa. Ní Sri Lanka lẹ́yìn tsunami, ìgbì òkun ńlá tó ya wọ ilẹ̀ lọ́dún 2004, wọ́n gbìn ín lọ súà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló kú torí ibi tí ò yẹ ni wọ́n gbìn ín sí.

Ọ̀pẹ nipa náà tún wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kó láti Singapore wá sí Calabar ní 1906, kì í jẹ́ kí mangrove ráyè. Tẹ́ ẹ bá gé imọ̀ ẹ̀ lásán á tún yọ, àfi kẹ́ ẹ wú u tìdí-tìdí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Iléṣà o. Inú gbòǹgbò mangrove lọmọ ẹja àti edé ń sá sí títí wọ́n á fi tó ẹja tá à ń rà jẹ, gbòǹgbò yẹn náà ló ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì, ṣẹ́ ẹ rí bí òkun ṣe ń gbé ilé lọ l'Áyétòrò, ìlú Ìlàjẹ kan létí òkun? Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń yan ẹja gbọ́dọ̀ rígi dáná, kò dáa ká kàn ní kí wọ́n má gé mangrove mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń hu ọmọ mẹ̀línà sí náílọ̀n báyìí, wọ́n á gbìn ín sórí ilẹ̀ gbígbẹ lápá Igbókòdá fún igi ìdáná. Ẹni tó bá léso mẹ̀línà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣà á jọ, màá wá gbà á lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà.