Bí ẹ ṣe lè fi ìka yín mọ bí ọpọlọ ṣe ń darí ọkàn

Aago tó ní ọ̀pá ìṣẹ́jú àáyá nìkan lẹ nílò, èyí tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú lọ́jà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) náà ti tó. Fóònù á ṣe é o, àmọ́ èmi kì í lò ó torí mẹ́séèjì kan á kàn wọlé, ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má ṣe é bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn kàfé.

Ẹ wá fi ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín sí ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, títí kẹ́ ẹ fi gbọ́ kì, kì, kì. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ẹ má fi àtàǹpàkò wá a, òun náà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lù, tara ẹ̀ lẹ máa kà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù, á dákẹ́. Èyí tó burú jù ni kéèyàn lọ di ọrùn mú lọ́tùn-ún lósì: ibì kan wà lọ́rùn tó máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó sì ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọpọlọ á rò pé ìfúnpá ti lọ sókè, á dín bí ọkàn ṣe ń lù kù, èèyàn sì lè dákú. Mo ti rí ọmọ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá àgbà, ojú ìyá ti ń ṣú ká tó já ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Ọrùn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ mú, ó parí.

Ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú 1. Àwọn tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá 15 tí wọ́n wá ń sọ ọ́ dìlọ́po 4, àṣìṣe kan á di mẹ́rin. Fún àgbàlagbà, 60 sí 100 ló dáa.

Tó bá yá, ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ka 4, ẹ mí síta kẹ́ ẹ ka 6, kí ìka má kúrò. Ọkàn á yára díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń mí sínú, á fà tẹ́ ẹ bá ń mí síta, lára àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń hàn jù. Ohun tó fà á ni pé ọkàn ní ibi kékeré kan lókè lápá ọ̀tún tó ń ṣáná fúnra ẹ̀, tí ọpọlọ ò bá dá sí i, á máa lù tó nǹkan bí 100 ní ìṣẹ́jú 1. Iṣan vagus tó ti ọpọlọ gba ọrùn wá ló ń tẹ bíréékì, èémí tó ń wọlé á sì mú kó dẹwọ́ díẹ̀. Lọ́dún 1921 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Loewi, fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì dán an wò: ó ta vagus ti àkọ́kọ́ jí, ọkàn yẹn sì fà, ó wá bu omi tó wà lára ẹ̀ sí ìkejì, ìyẹn náà sì rọra ń lù.

Ní báyìí, ẹ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ di àga mú tí òòyì bá ń kọ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn lọ sẹ́sẹ̀, vagus á tú bíréékì, àwọn iṣan tó gba ọ̀pá ẹ̀yìn wá á máa ti ọkàn, ẹ ó sì gbọ́ ọ lábẹ́ ìka kíákíá.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ń ju 100 lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, kó gba ilé ìwòsàn lọ, kó sì mú ìwé tó kọ iye yẹn sí dání.