Eyín ayùn létí láwàní: bí a ṣe ń lẹ àwòrán kọ̀ǹpútà mọ́ fọ́tò

Ká ní pósítà Dúrbà Ìlọrin lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ ti fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D, ya ẹlẹ́ṣin tó wé láwàní funfun, ẹ sì ní fọ́tò iwájú ààfin Ẹ́mírì tí ẹ fi fóònù yà láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ èkejì, ni etí láwàní bá rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn, tàbí kí ìlà dúdú tín-ín-rín yí i ká. Àìsàn méjì nìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ ká mú eyín ayùn kọ́kọ́. Ibi tí etí láwàní bá ti la pixel kan (ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán) kọjá, ìdajì pixel náà jẹ́ aṣọ, ìdajì jẹ́ ojú ọ̀run. Alpha ló ń sọ iye tí aṣọ gbà níbẹ̀, láti 0 dé 255. Bí ó bá lè jẹ́ nǹkan bí 128, etí á yọ́ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0 tàbí 255 nìkan, àtẹ̀gùn lójú máa rí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká gbé ẹlẹ́ṣin jáde ní JPEG, ká wá máa fọwọ́ gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. JPEG kò ní alpha rárá, ohun tí ẹ bá sì fọwọ́ gé, àfojúbù ni.

Inú Blender niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Render Properties, ẹ ṣí Film, kí ẹ tẹ Transparent. Ní Output, ẹ mú PNG, ẹ yan RGBA (A yẹn ni alpha), kí ẹ fi Color Depth sí 16. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kí etí mú fọwọ́ kan Filter Size tó wà ní 1.50 px: òun ló ń po pixel pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀, bó bá sì lọ sílẹ̀ jù, eyín ayùn á padà dé. Bí ẹ̀rọ yín bá lágbára, ẹ fi Resolution sí 200%, kí ẹ wá dín àwòrán náà kù sí ìdajì. Pixel mẹ́rin á di ọ̀kan. Gọ̀gọ̀ ẹṣin àti wajawaja etí aṣọ ló ń jèrè èyí jù. Àmọ́ iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà máa ṣe, ẹ rí i pé bátìrì kún, torí bí iná bá lọ láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí.

Bí ẹ bá ń dín in kù nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ wo Interpolation (ọ̀nà tó ń gbà pa pixel pọ̀) nínú Scale Image. Bó bá wà ní None, gbogbo làálàá yẹn ti ṣòfò. Cubic tàbí NoHalo ni kó jẹ́, kó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìlà dúdú ló máa ń dààmú èèyàn jù, ó sì yẹ ká fi òǹkà wò ó. Ká fi 0 pe dúdú, ká fi 255 pe funfun. Láwàní jẹ́ 255, ojú ọ̀run ọyẹ́ jẹ́ 200, alpha jẹ́ ìdajì. Ìdajì funfun, 128, pẹ̀lú ìdajì ọ̀run, 100: kí pixel etí jẹ́ 228 ló tọ́. Àmọ́ irú fáìlì kan wà tí wọ́n ti bu àwọ̀ rẹ̀ kù ní ìwọ̀n alpha tẹ́lẹ̀. Premultiplied là ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì EXR tí Blender lè gbé jáde ṣe máa ń rí. Funfun inú rẹ̀ ti di 128 kó tó dé ọwọ́ yín. Bí ètò tí ẹ ń lò bá rò pé straight ni (àwọ̀ tí wọn ò tíì bu kù), bíi ti PNG, á tún pín in sí méjì: 64 pẹ̀lú 100, ó di 164. Nǹkan 164 láàárín 255 àti 200, ìlà dúdú yín nìyẹn.

Nínú Compositor Blender, ibi tí a ti ń lẹ àwòrán pọ̀, Alpha Convert ló ń tún un ṣe. To Straight ni kí ẹ yàn. Bó bá ti dé Photoshop, ẹ lọ sí Layer, Matting, Remove Black Matte. Bí ìlà náà bá jẹ́ funfun, ẹ lo Remove White Matte. Àwọn kan á fi Shrink ti GIMP gé pixel kan kúrò yí ká. Ara ògiri tàbí òkúta lè gbà á, gọ̀gọ̀ ẹṣin ò lè gbà á: irun tó fẹ̀ tó pixel méjì á pòórá pátápátá.

Etí lè mọ́ báyìí, síbẹ̀ kí ẹlẹ́ṣin ṣì dà bí ohun tí a gé nínú ìwé ìròyìn. Ẹ sún fọ́tò náà dé 400%, kí ẹ wo etí ògiri ààfin: pixel mélòó ló gbà kí ògiri tó di ọ̀run? Bó bá jẹ́ méjì sí mẹ́ta, tí ti ẹlẹ́ṣin jẹ́ ọ̀kan, ẹ fún ẹlẹ́ṣin ní Gaussian Blur 0.5 sí 0.8 px. Ẹ má lọ dé 2, ojú rẹ̀ á ṣú. Ọyẹ́ kì í sì í jẹ́ kí dúdú dúdú tán, nítorí náà ẹ gbé dúdú ẹlẹ́ṣin sókè díẹ̀ nínú Levels títí yóò fi bá òjìji ògiri dọ́gba.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tẹ́ layer (ìpele) pupa sábẹ́ ẹlẹ́ṣin, lẹ́yìn náà dúdú, lẹ́yìn náà funfun, kí ẹ lè rí ìlà tó bá ṣẹ́ kù létí. 100% ni kí ẹ ti wò ó, torí ní 400% kò sí etí tí kì í ní àtẹ̀gùn. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ máa fi gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, á fún un pọ̀, etí láwàní á sì tún rí wúruwùru.