Bí A Ṣe Lè Lo Fóònù Aláwo-Yíyí Lórí Ìlà Òde-Òní

Kí ẹ tó ju fóònù àtijọ́ tó ní àwo yíyí nù, ẹ kọ́kọ́ gbé e sétí, nítorí pé bí ẹ bá gbọ́ ohùn ìlà, ó ku kí ó lè pe nọ́ńbà nìkan. Bí ẹ bá fi ìka yí àwo náà tí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ó ti ń padà sí àyè rẹ̀ ni ó ń já ìlà tí ó sì ń tún un so: ẹ̀ẹ̀kan fún 1, ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún 0 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. (New Zealand to nọ́ńbà orí àwo tirẹ̀ sódì, ṣùgbọ́n 5, tó wà láàárín, kò yí padà.) Fóònù oníbọ́tìnnì, tó dé ọjà ní Amẹ́ríkà ní 1963, kì í já ìlà, ohùn méjì papọ̀ ni ó fi ń sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ adapter tó ń gbé ìpè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ju ohùn yìí lọ. Ẹ yẹ ìwé ìlànà rẹ̀ wò. Bí kò bá gba ìlànà ìjá-ìlà àtijọ́, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìjá-ìlà di ohùn sáàárín òun àti fóònù.

Àwo náà kò ní àmì +, nítorí náà, bí ẹ bá ń pe òkè òkun, ẹ fi 00 rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, tàbí 011 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kò ní * àti # bákan náà, èyí tó ń dààmú ẹni tí ẹ̀rọ bá ní kó tẹ # nígbà ìpè. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lára ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìjá-ìlà di ohùn, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ bí ẹ bá di àwo mú díẹ̀ kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀.