Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé tí mò ń kọ́ l'Ékòó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àpúrúfù

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe, àpúrúfù, ìyẹn àṣẹ ìjọba láti kọ́lé, sì ni mò ń bá àwọn èèyàn lé kiri. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nígbà tí ìjọba bá ti dá iṣẹ́ wọn dúró ni mo kó jọ síbí.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti sanwó ilẹ̀ tán, C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wà lọ́wọ́ mi. A ti mọ ògiri dé ojú fèrèsé kí wọ́n tó wá fi ọ̀dà pupa kọ "STOP WORK" sára rẹ̀. Kí ni mo ṣe?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìwé ilẹ̀ lẹ ní, ẹ ò tíì ní ìwé ilé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O tí wọ́n fún yín wá ń sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀ yẹn fún iye ọdún kan, tó sábà máa ń jẹ́ 99. Bí ilé ṣe máa ga tó, iye àyè tó máa wà láàárín òun àti ti aládùúgbò, bóyá ṣọ́ọ̀bù lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pílàànù tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń sọ ìyẹn. L'Ékòó, LASPPPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà fún ètò ìlú, ló ń fúnni ní àpúrúfù. LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ló ń tọ ilé lẹ́yìn bó ṣe ń gòkè, àwọn náà ló sì ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ògiri.

Ẹ dá iṣẹ́ dúró lóòótọ́. Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn tí sìmẹ́ńtì bá wà nílẹ̀ tí bíríkìlà sì ń béèrè owó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ́ ṣiṣẹ́ lóru, ẹ má sì pa ọ̀dà náà rẹ́. Bí wọ́n bá padà wá bá a pé iṣẹ́ ti tẹ̀ síwájú, wọ́n lè ti ibẹ̀ pa, ọ̀rọ̀ tí ìwé ì bá yanjú a sì di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjọ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ẹ̀sùn wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ti wá, kí ẹ sì mú ayàwòrán yín dání. Báǹkì ni kí ẹ ti san owó yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ san, sí àpò ìjọba. Èyí tí ẹ bá kì bọ òṣìṣẹ́ kan lápò kò ní hàn nínú fáìlì yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn wá sípò rẹ̀.

Ṣé wọ́n á wó o ni?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń wó. Bí ilé bá wà níbi tó yẹ, tó sì lágbára, ẹ lè gba àpúrúfù lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn. Wọ́n á ní kí ẹ yẹ agbára rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n máa ń fi kan òpó àti dékìn tí á sọ bí kọnkéré ṣe le tó, láìfọ́ nǹkan kan. Ilé tó wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà, lábẹ́ wáyà iná ńlá tàbí lórí ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́ fi ṣe ọ̀nà, òun ni kò sí ìwé tó lè gbà á.

Káńsù ti gba owó lọ́wọ́ mi, wọ́n sì já rìsíìtì fún mi. Èyí ò tó ni?

Kò tó. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ níṣẹ́ tirẹ̀: sísọ àdúgbò lórúkọ, fífún ilé ní nọ́ńbà, gbígba owó orí ilé, àti bíbójú tó ṣọ́ọ̀bù. Àṣẹ ìkọ́lé kò sí nínú rẹ̀. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ọ́fíìsì àpúrúfù máa ń wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn nínú ọgbà káńsù gan-an. Torí náà, ẹ wo orí rìsíìtì yín. Bó bá jẹ́ orúkọ káńsù ló wà níbẹ̀, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà.

Sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, sọ́fè tí wọ́n fún ẹni tó ra ilẹ̀ dára lójú, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní red copy, kò dé ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, rárá. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi nọ́ńbà àwọn òkúta ààlà rẹ̀ wá ilẹ̀ náà lórí máàpù ìjọba. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, tàbí bóyá wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìdílé tó tà á, tó sì ti wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Ìbá wù mí kí gbogbo èèyàn ṣe èyí kí wọ́n tó sanwó ilẹ̀, torí mo ti rí àgbà tó sunkún ní ọ́fíìsì yẹn.

Bí sọ́fè bá mọ́, ẹ wo bóyá orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá ti ìwé ilẹ̀ mu, bóyá àwòrán fi àyè tó yẹ sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti bóyá ayàwòrán àti ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí ló fi òǹtẹ̀ sí i. Òǹtẹ̀ tí wọ́n yá lò kì í pẹ́ tú.

Wáyà iná ńlá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ mi. Báwo ni mo ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó?

Fún wáyà 132kV, mítà 15 láti àárín wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún 330kV, mítà 25. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ẹsẹ̀ dá a wọ̀n.

Àpúrúfù ilé alájà kan ni mo gbà, ìpìlẹ̀ sì lágbára. Ṣé mo lè fi àjà kan kún un?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láìgba àpúrúfù tuntun. Ẹnjiníà ṣírò irin òpó yẹn fún ìwúwo tí ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin ò lè fojú wo ìpìlẹ̀ kí ẹ mọ̀ pé ó lágbára, èmi náà ò lè ṣe é. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, èèyàn tó lé ní 40 ló sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tó jáde nílé láàárọ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Tí ẹ bá fẹ́ àjà kejì, ẹ pe ẹnjiníà, ẹ yẹ òpó àti ilẹ̀ wò, kí ẹ wá gbé àwòrán tuntun lọ.

Ilé ti parí. Ṣé ó ku nǹkan kan?

Ó ku ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí, ó sì yẹ fún gbígbé. LASBCA ló ń fúnni. Ẹ gbà á kí ẹ tó kó ayálégbé wọlé. Yóò yá bí wọ́n bá ti ń wá yẹ iṣẹ́ wò láti ìgbà tí ẹ ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tún ní kí ẹ wá yẹ kọnkéré wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.