Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìjiyàn Lórí Ilé Aṣòfin Kejì ní Ìkòròdú

Orí ọ̀rọ̀ ìjiyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Orílẹ̀-èdè tó ti fagi lé ilé aṣòfin kejì, ó yẹ kó dá a padà." Bẹ́ ẹ bá kọ "Ilé kan tàbí méjì?", owó oṣù àwọn aṣòfin nìkan ni wọ́n á máa jà lé lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má sì fi Nàìjíríà sínú rẹ̀. Ilé méjèèjì wa, ti sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojú, ṣì wà l'Ábújá.

Ẹ fún ìhà méjèèjì ní Kẹ́ńyà àti Peru láti yẹ̀ wò. Kẹ́ńyà pa Ilé Aṣòfin Àgbà rẹ́ nígbà tí ọdún 1966 ń parí lọ, òfin ìpìlẹ̀ 2010 ló dá a padà. Ti Peru ló le jù. Òfin 1993 wọn fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀. Lọ́dún 2018, ará ìlú dìbò pé àwọn ò fẹ́ ilé kejì. Síbẹ̀, lọ́dún 2024, àwọn aṣòfin fúnra wọn dá a padà: sẹ́nétọ̀ 60, aṣojú 130. Ìhà tó ń gbè é lẹ́yìn tí kò bá ní èsì fún ìbò 2018 yẹn ti pàdánù kó tó dìde sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un wálé. Aṣojú 24 ni Èkó ní, Bayelsa ní 5, ṣùgbọ́n sẹ́nétọ̀ 3 ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rán lọ. Ìkòròdú ní aṣojú tirẹ̀, àmọ́ sẹ́nétọ̀ kan náà ni òun, Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Kòṣọ́fẹ́ àti Ṣómólú jọ ń pín. Olùgbè á ní ààbò ìpínlẹ̀ kékeré nìyẹn. Alátakò á bi í léèrè ohun tó kan Ìkòròdú níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ẹ má dá a dúró.

Ẹnì kan á ṣáà sọ pé Aláúsà, ìyẹn ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ń fi ilé kan ṣoṣo ṣòfin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan ni Aláúsà ń ṣòfin fún, kò ní ìpínlẹ̀ mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Olùjiyàn méjì-méjì, ìṣẹ́jú 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu agogo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kẹrin, lẹ́ẹ̀mejì ní ìkarùn-ún. Ẹ ka ọwọ́ àwọn èrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún kà á nígbà tí wọ́n bá parí. Ìhà tó yí èrò àwọn ènìyàn padà jù ló borí, kódà bí ọwọ́ tó gbè é kò bá pọ̀ jù.