Oṣù Mẹ́jọ Nítorí Transcript: Ìrírí Mi Nínú Ẹ̀kọ́ Másítà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tó mú mi kọ ìrírí yìí ni owó tí mo san kọjá iye tí mo ti ṣètò sílẹ̀, àti oṣù mẹ́jọ gbáko tí mo fi dúró de ìwé kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kò le tó bí mo ṣe rò. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá mi dúró.

Mo jẹ́ alábòójútó ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń po ìyẹ̀fun lóru kí búrẹ́dì lè tó àwọn tó ń tà á lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ fi máa ń dúró sójú kan nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń làágùn, ìdí nìyẹn tí mo fi yan oyè másítà nínú ìṣàkóso ìpèsè ọjà àti ìgbòkègbodò iṣẹ́ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n má baà fi iṣẹ́ àti ìdílé mi sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé tán.

Transcript, ìyẹn ìwé tó kó gbogbo máàkì tí mo gbà ní yunifásítì jọ, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà kò gbà á láti ọwọ́ mi. Wọ́n ní yunifásítì tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́ ni kó fi ránṣẹ́ tààrà. Mo sanwó rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Kejì ọdún 2023, mo sì gbà pé kí oṣù Keje tí wọn yóò ti ìwé ìgbàwọlé tó parí, ìwé mi yóò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá tó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń tẹ transcript ní yunifásítì mi àtijọ́ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì sọ òtítọ́ fún mi lọ́jọ́ náà pé nǹkan bí 420 ìwé ló wà níwájú tèmi, àti pé bíi 12 ló ń jáde lọ́sẹ̀ kan. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò ṣírò ohun tó túmọ̀ sí.

Láti oṣù Kẹrin ni mo ti ń gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni mo ń gbà: "Ọmọ mi, wọ́n ti tẹ tìẹ tán, ọ̀gá ni kò tíì fọwọ́ sí i." Bí mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni wọ́n máa dé?" wọn a ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ló ń tẹ ìwé nínú yàrá yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ̀dùn àwa tó ń dúró pọ̀ jù, wọ́n mú ẹni kẹfà wá kó máa bá wọn tẹ ìwé. Òkìtì fáìlì tó wà lórí tábìlì ọ̀gá ló tún ga sí i. Inú bí mi débi pé n kò lè sọ̀rọ̀ dé ilé lọ́jọ́ náà.

Láàárín ìgbà tí mo ń dúró ni náírà ṣubú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba tẹ́lẹ̀ kọjá 1,400 nínú oṣù Kejì ọdún 2024. Transcript mi jáde ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oṣù Kẹwàá, kíláàsì oṣù Kẹsàn-án ti kọjá lọ, oṣù Kìíní ọdún 2024 ni mo sì tó bẹ̀rẹ̀. Iye pọ́n-ùn tí ilé ẹ̀kọ́ ń gbà kò yí padà, ṣùgbọ́n náírà tí mo fi ra pọ́n-ùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, mo sì ta ọkọ̀ mi kí n tó lè san ìdá kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n kọ́ wa ní òfin John Little, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1961: bí iṣẹ́ bá ti ń lọ déédéé, tí a bá fi iye tó ń jáde lọ́sẹ̀ pín iye tó wà lórí ìlà, àkókò tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò yóò fi dúró ni a ó rí. Mo pín 420 sí 12, mo rí ọ̀sẹ̀ 35. Mo ka kàlẹ́ńdà láti ogúnjọ́ oṣù Kejì, ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oṣù Kẹwàá gẹ́lẹ́. Ó dùn mí wọra, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìyá yẹn ti fún mi ní ìdáhùn. Yàrá yẹn ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣetiléwá mi àkọ́kọ́. Mo fi hàn pé ọwọ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ni iṣẹ́ ti há, àti pé ẹni kẹfà tí wọ́n mú wá kò lè dín ọjọ́ kan kù. Máàkì tí mo gbà ló ga jù lọ nínú kíláàsì wa, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Mo tún fi ìṣirò tí Ford Harris, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1913, tó ń sọ iye ọjà tó yẹ kéèyàn rà lẹ́ẹ̀kan kí owó ìrajà àti ti ìpamọ́ lè kéré jù lọ, tún ètò ìyẹ̀fun wa ṣe: 1,440 àpò ni à ń lò lọ́dún, ọkọ̀ àti ìnáwó ìrajà kan jẹ́ 20,000 náírà, ìpamọ́ àpò kan sì ń ná wa ní 4,000 lọ́dún. Ó fi hàn pé 120 àpò ló yẹ ká máa rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, dípò bíi 28 tí à ń sáré rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, mo ì bá ti béèrè fún transcript kí n tó yan ilé ẹ̀kọ́ rárá, mo ì bá sì ti ṣí àkáǹtì owó òkèèrè, nítorí káàdì náírà mi kò ṣiṣẹ́ fún owó ilé ẹ̀kọ́. Mo parí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Lóṣù tó tẹ̀lé e, àbúrò mi obìnrin ní òun náà fẹ́ kàwé sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Mo mú un lọ sí yàrá yẹn. Ìyá náà ṣì wà níbẹ̀, mo sì bi í pé ènìyàn mélòó ló ń fọwọ́ sí ìwé báyìí. Ó ní ẹnì kan ni. A sanwó transcript àbúrò mi lọ́jọ́ náà gan-an.